Bí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín ṣe lè ní orúkọ tí kì í yí

Onífọ́tò kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n Èkó ló ń gbé. Lẹ́yìn Ojúde Ọba, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù náà kún bámúbámú fún àwòrán ẹlẹ́ṣin àti ti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn oníbàárà sì ń pè é lójoojúmọ́. Ó ní kí n bá òun ṣe é tí òun á fi lè máa wọ inú kọ̀ǹpútà náà láti Èkó. Mo fún un ní nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì wọlé. Ilẹ̀ mọ́, iná lọ, iná dé, ló bá pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ fi hàn mí lánàá ti di ògiri o.”

Ńṣe ni ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ń yá wa ní nọ́ńbà náà. Bí róútà bá kú tó sì tún tàn, ó lè gba òmíràn. Tí ẹnì kan bá ń kó láti ilé dé ilé nínú ìlú, orúkọ rẹ̀ la fi ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà ní oríta, tó bá ṣáà ti sọ fún ìyá náà ibi tó kó lọ. Iṣẹ́ tí dynamic DNS ń ṣe nìyẹn: kọ̀ǹpútà ní orúkọ kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń lọ sọ ibi tó wà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ńbà náà jẹ́ tiyín lóòótọ́. Èmi fo ibí yìí, ó sì jẹ mí ní odidi ọjọ́ méjì. Ẹ ṣí ojú ìwé róútà yín (192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1 ló sábà máa ń jẹ́), kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níbi tí wọ́n kọ WAN sí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ “what is my IP” sórí Google. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí wọn kò bá bára mu, pàápàá bí ti róútà bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ jọ ń lo nọ́ńbà kan ṣoṣo níta. Nọ́ńbà IPv4, ìyẹn irú nọ́ńbà àdírẹ́sì tí à ń sọ yìí, kò ju bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ fún gbogbo ayé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya 100.64 sí 100.127 sọ́tọ̀ ní 2012 fún irú àjọlò báyìí. Íntánẹ́ẹ̀tì onísímù sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Kò sí orúkọ tó lè gbà yín níbẹ̀: àlejò á dé géètì, kò ní mọ yàrá tó kàn. Ẹ béèrè public IP, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ tiyín nìkan níta, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún yín, tàbí kí ẹ lo Tailscale, ètò kan tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà yín pọ̀, tí kò nílò kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn kankan.

Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ lọ sí duckdns.org, ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní irú orúkọ yìí. Ọ̀fẹ́ ni, àkáǹtì Google sì tó láti fi wọlé. Ẹ yan orúkọ tó bá wù yín. Ẹ máa rí token, ọ̀rọ̀ gígùn kan báyìí, kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹni tó bá rí i lè darí orúkọ yín síbi tó bá fẹ́, nítorí náà ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Lórí kọ̀ǹpútà náà, ẹ ṣí Command Prompt (Windows 10 àti 11 ti ní curl nínú), kí ẹ tẹ èyí, kí ẹ fi orúkọ àti token yín rọ́pò ORUKO àti TOKEN:

curl "https://www.duckdns.org/update?domains=ORUKO&token=TOKEN&ip="

Bó bá dáhùn OK, ó ti gbà. Bó bá sọ pé KO, ẹ tún orúkọ àti token wò. Àyè tó yọ́ sáàárín ló sábà máa ń fà á. Ẹ wá fi àṣẹ náà sínú Task Scheduler, ètò Windows tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò, kí ó máa ṣe é ní ìṣẹ́jú 5-5. Lórí Linux, cron ni.

Nínú róútà, ẹ so kọ̀ǹpútà náà mọ́ nọ́ńbà abẹ́lé kan, kí ẹ sì ṣe port forwarding sí i, ìyẹn ni kí róútà máa darí ẹni tó bá ti ìta wá sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí Remote Desktop (ohun tí Windows fi ń jẹ́ kí a lo kọ̀ǹpútà láti òkèèrè) sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo ayé; àwọn olè kì í sùn. WireGuard, ètò VPN tó ń ṣe ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, ni mo fi sí i, port 51820, UDP.

Pa Wi-Fi fóònù rẹ kí o tó dán an wò, dátà ni kí o lò. Ọ̀pọ̀ róútà kì í jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ilé gba ìta padà wọlé.

Ohun kan ṣẹ́kù: kọ̀ǹpútà tí iná bá pa kì í sábà dìde fúnra rẹ̀. Ẹ wọ inú BIOS (ibi ètò kọ̀ǹpútà tí a máa ń wọ̀ kí Windows tó ṣí), ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa AC power loss, kí ẹ yí i sí Power On. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo bi onífọ́tò léèrè, ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀.