Eyín àtọwọ́dá fún ẹni tí erìgì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ

Lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà tí ń wá ṣe eyín ní Àjàṣẹ́ àti Kétu, eyín òkè kì í sábà yọ wá lẹ́nu. Ti ìsàlẹ̀ ni. Bí eyín bá ti ká tán, egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ máa ń yọ́ tó ìlọ́po 4 ti òkè, ibi tí eyín yóò jókòó lé kò sì tó nǹkan mọ́. Ahọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè ni yóò dì í mú.

Ẹ ní kí wọ́n bọ́ eyín àtọwọ́dá àtijọ́ sílẹ̀ ó kéré tán wákàtí 24 kí ẹ tó wọn ẹnu; erìgì tó wú ń purọ́. Ẹ fi akíríìlì (irú ike líle kan) ṣe àwo ìwọ̀n, èyí tí a ń fi èròjà ìwọ̀n sẹ́nu, tí ó bá ẹnu náà mu, kí etí rẹ̀ fi mìlímítà 2 kúrú sí ìdí kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn, kí ó bo ẹran rírọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun àgbọ̀n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gé jù.

Èròjà ìwọ̀n tó ṣàn kò dára fún erìgì tó ti hunjọ: kò ní tẹ ìhunjọ náà, eyín yóò sì máa pọ́n ọn bí wọ́n bá ń jẹun. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn compound pupa ìdá 3 àti ọ̀pá pátì Kerr aláwọ̀ ewé (greenstick) ìdá 7, èròjà ìwọ̀n méjì tí ooru ń rọ̀, ẹ rì wọ́n sínú omi 60°C. Ẹ fi fasilíìnì pa ìbọ̀wọ́, ẹ pò ó títí àwọ̀ yóò fi di ọ̀kan. Bí ó bá ti wọ ẹnu: “Ìyá, ẹ na ahọ́n síta. Ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ẹ ṣu ètè jọ.” Tí ó bá le, ẹ dá a padà sẹ́nu, ẹ fìka tẹ̀ ẹ́, ibi tó bá dùn wọ́n, ẹ fi iná rọ̀ ọ́, kí ẹ tún un tẹ̀.

Àlàfo mìlímítà 2 sí 4 ni kí ó wà láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹnu bá sinmi. Ẹ lo eyín tóóró tí orí rẹ̀ tẹ́jú. Ẹ má to eyín dé ibi tí àgbọ̀n ti ń gun òkè. Yóò máa yọ̀ síwájú.

Egbò tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ létí erìgì: etí eyín gùn níbẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ rẹ́. Bí gbogbo orí erìgì bá ń ta wọ́n, bí eyín ṣe pàdé ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ má fọwọ́ kan inú eyín àtọwọ́dá náà. Ẹ rí wọn lọ́jọ́ kejì àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ wá, kí ojú egbò lè hàn. Iyán kì í dá wàhálà sílẹ̀, gbígbé mì ni. Ẹran inú ọbẹ̀ ni kí wọ́n gé wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ ẹ́.