Bí Mo Ṣe Fi Dírììlì Olówó Pọ́ọ́kú Lu Ògiri Ilé Màmá Mi

Ohun méjì ni màmá mi fẹ́: irin kọ́tìnì sórí àwọn fèrèsé pálọ̀, àti pákó ìrókò kan lára ògiri yàrá wọn, tí wọn yóò máa to Bíbélì àti ìwé orin wọn sí. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni ilé wọn wà. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ pálọ̀, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ṣì jẹ́ ilé amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́.

Adó ni mo ti ra dírììlì náà, èyí tówó rẹ̀ kéré jù nínú àwọn tó wà lórí àtẹ. Iná ló ń lò, kò ní bátìrì. Kí n tó sanwó, mo ní kí wọ́n tàn án fún mi. Mo wò ó bóyá eré rẹ̀ ń dín kù tí mo bá rọra tẹ ẹ́, bóyá ẹnu rẹ̀ ń yí gún régé, àti bóyá ó ní ibi tí wọ́n ya òòlù sí, ìyẹn bọ́tìnì tó ń mú kí ẹnu rẹ̀ máa gbá bó ṣe ń yí, torí láìsí òòlù yẹn, agbára káká ni yóò fi wọ kọnkéré. Owó tó kù lọ́wọ́ mi, bíìtì gidi, irin ṣóńṣó tó ń lu ihò, ni mo fi rà. Ibẹ̀ gan-an ni mo gbà pé ó yẹ kówó lọ, nítorí bíìtì ló ń fọwọ́ kan ògiri, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bíìtì ògiri ní irin kábáìdì líle ní ṣóńṣó rẹ̀. Ti pákó yàtọ̀.

Àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé bá ti tan nǹkan, iná máa ń rẹlẹ̀. Bí iná bá rẹlẹ̀, mọ́tò á máa fà, fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú náà á dẹwọ́, ẹ̀rọ á sì gbóná jù.

Iṣẹ́ orí fèrèsé le. Lẹ́ńtẹ́lì ló wà níbẹ̀: kọnkéré, òkúta wẹ́wẹ́ àti irin nínú. Mo fi pẹ́ńsù sàmì, mo fi ìṣó gún ojú àmì náà kí bíìtì má baà yọ̀, mo wá fi eré díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láìlo òòlù. Ìgbà tó di ibẹ̀ mú ni mo tó tan òòlù. Físà, ike kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò kí síkúrù lè dì í mú, tó jẹ́ 6 mm gùn tó 30 mm, nítorí náà mo lẹ téèpù mọ́ bíìtì níbi tó fi díẹ̀ ju ìyẹn lọ, kí n lè mọ ibi tí mo máa dúró. Mò ń fà á jáde lemọ́lemọ́ kí eruku lè dà nù, mo sì ń jẹ́ kó sinmi. Bí ó bá kọ̀ tí eruku irin tó ń dán sì ń jáde, irin ló bá. Mo sún ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò lu òkè tàbí ìsàlẹ̀ súìṣì rárá, torí ibẹ̀ ni wáyà sábà máa ń gbà nínú ògiri. Mo wọ awò, n kò wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ̀rọ má baà wé e.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò, káfíńtà, yà kí màmá. Wọ́n wo yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ní, “Àbúrò, pa òòlù yẹn fún ògiri amọ̀ o. Gbígbọ̀n ni yóò gbọ̀n ọ́n dànù. Físà ò sì ní dúró níbẹ̀. Èèkàn igi ni kóo fi sí i.” Mo ní, “Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n.” Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Mo gé èèkàn gígùn láti ara àjẹkù ìrókò, mo lu ihò tó fún díẹ̀ ju èèkàn lọ, mo rọra gbá a wọlé, mo wá fi bíìtì tín-ín-rín lu àárín èèkàn kí síkúrù tó wọ̀ ọ́ má baà là á. Mo fi aṣọ bo imú, torí eruku ìrókò máa ń ta èèyàn nímú, ó sì ń yún ara.

Màmá to ìwé wọn sí i kí ó tó di ọ̀sán. Wọ́n ti ń bèèrè bóyá n óò lu ihò páìpù omi sí ògiri ilé ìdáná. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí. Ihò ńlá tó gba ògiri já nílò ẹ̀rọ tó wúwo jù ú lọ, púlọ́ńbà ló ní in. Mo ti ní kí wọ́n bá mi pè é.