Bẹ́ ẹ ṣe máa to aláàmù èéfín àti ti ooru tí ò ní wáyà sílé yín

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Scotland, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ wa ló ti fi láílọ́ọ̀nù wé aláàmù tó wà lókè àjà rí, torí pé ká kàn da ata sórí òróró báyìí, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè. Ẹjọ́ aláàmù kọ́ o. Ti èéfín ni wọ́n gbé sí kíṣìnnì, ti ooru ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ti ooru ò rí ti èéfín rò rárá, àfi tí ibi tó wà bá gbóná tó nǹkan bíi 58°C kó tó pariwo, torí náà ẹ dín dòdò yín.

Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ kọ́kọ́ ka iye tẹ́ ẹ nílò. Láti February 2022 ni òfin Scotland ti ní kí gbogbo ilé ní in: ti èéfín kan ní pálọ̀ tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí jù, òmíràn ní pásééjì kọ̀ọ̀kan, tó bá jẹ́ ilé alájà, pásééjì òkè náà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ti ooru sí kíṣìnnì. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ so pọ̀, tí ọ̀kan bá ké, kí ìyókù ké. Ìdí ni pé tí iná bá ṣẹ́ yọ ní kíṣìnnì lóru tẹ́ ẹ ti ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ lè má gbọ́ ti ọ̀hún rárá. Tẹ́ ẹ bá ń lo bọ́ílà onígáàsì, ẹ ra ti carbon monoxide (gáàsì olóró tí kì í rùn) kún un, ìyẹn ò pọn dandan kó so mọ́ àwọn tó kù. Ẹni tó háyà ilé, onílé ló ni bùkátà yìí, ẹ pè é.

Ilé iṣẹ́ kan náà ni kẹ́ ẹ ti ra gbogbo ẹ̀ o, torí ti A kì í sábà gbọ́ èdè ti B. Èyí tí wọ́n ti di bátìrì mọ́ nínú, tó máa lo ọdún 10, ni kẹ́ ẹ mú tí ẹ ò bá fẹ́ pe oníná.

Orí tábìlì ni kẹ́ ẹ ti so wọ́n pọ̀, ẹ má tíì gun àkàbà. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí ìwé inú páálí bá júwe lára ọ̀kan, iná á máa ṣẹ́jú, ẹ wá tẹ ti ìkejì, títí gbogbo wọn á fi mọra wọn. Ìgbì rédíò ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò nílò Wi-Fi, torí náà bí dátà tán bí ò tán, kò kàn wọ́n.

Ó wá ku kíkàn mọ́ àjà. Àárín àjà ló dáa jù, kó jìnnà sí ògiri àti gílóòbù tó 30cm, ti kíṣìnnì ò sì gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan orí sítóòfù. Tẹ́ ẹ bá kàn án tán, ẹ dúró sí èyí tó jìnnà jù, ẹ tẹ bọ́tìnì test (ẹ ti sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú o, ariwo ẹ̀ kì í ṣe kékeré), ẹ ní kí ẹnì kan lọ gbọ́ bóyá tòkè náà ń ké. Tí ọ̀kan ò bá dáhùn, ẹ tún un so.

Oṣooṣù ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sì fi hoover fa eruku ara ẹ̀. Tó bá ń dún "píì" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń lọ. Ọdún tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ wà lára ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó kàn án.