Ẹ Má Fi Dókítà Àdúgbò Yín Sílẹ̀ Nítorí Jẹjẹrẹ

Tí wọ́n bá ti dárúkọ jẹjẹrẹ fún ènìyàn nílùú Èkó, ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà ni gbogbo ẹbí ń sáré lọ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà jẹjẹrẹ wà, ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ní ibùdó NSIA-LUTH, tí wọ́n ṣí ní 2019, kò sì sí ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Àmọ́ dókítà tó ti ń bá yín wo ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Ṣómólú, ẹ má pa á tì. Àsìkò yìí gan-an ni ẹ nílò rẹ̀ jù.

Ìdí ni pé kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ọ̀kan sí èkejì rẹ̀ sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé sì ni aláìsàn ti ń lo ọjọ́ tó kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kì í lọ nítorí pé jẹjẹrẹ dé. Oògùn kan tí wọ́n ń lò pẹ̀lú kímò máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Oríṣi kímò mìíràn sì lè yọ ọkàn lẹ́nu. Dókítà tó mọ ara yín tẹ́lẹ̀ ló máa tètè fura.

Kò lè ṣe é tí kò bá mọ ohun tó ń lọ. Ẹ bèèrè lẹ́tà fún un lọ́wọ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ: orúkọ àrùn, èsì àyẹ̀wò ẹran ara, orúkọ oògùn, ọjọ́ tí wọ́n fún yín àti ọjọ́ tí ẹ máa padà. Ẹ má rọ́ ìwé sínú náílọ́nù. Ẹ tò ó sínú fáìlì, kí tuntun wà lókè, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù ẹni méjì nínú ilé. Tí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání kí dókítà rí i, nítorí àwọn kan máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àwọn mìíràn sì ń dí oògùn lọ́wọ́.

Ibà lẹ́yìn kímò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibi yìí dáadáa. Ní Èkó, tí ara bá ti gbóná, oògùn ibà la máa ń rà ní kẹ́místì. Ẹni tó ń gba kímò kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dín kù gan-an, kòkòrò àrùn sì lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ ra tẹmọ́mítà sílé. Tó bá ti tó 38°C, tàbí tí òtútù bá ń mú un tó ń gbọ̀n, ẹ má fún un ní paracetamol kí ẹ wá máa retí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ lóru yẹn. Ẹni tó wà ní Ìdúmọ̀tà, tí ọ̀nà Ìdí-Àràbà sì dí, ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà ní Ọ̀dàn ló súnmọ́ ọn. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ lẹ́nu ọ̀nà ni pé ó ń gba kímò. Tí dókítà àdúgbò bá wà nítòsí, òun lè bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ apakòkòrò, kí ó sì pe àwọn dókítà jẹjẹrẹ.

Ẹ̀yìn dídùn tí ẹsẹ̀ ń kú tàbí tí ìtọ̀ kò jáde, àti ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú lójijì: ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìrora

Aláìsàn kò gbọdọ̀ máa jẹ̀rora nítorí pé ẹbí ń bẹ̀rù mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára. Tí dókítà bá ń wọn ọ́n fún un bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ kí ó di bárakú kì í sábà ṣẹlẹ̀. Àìrígbẹ̀ẹ́yà ló máa ń mú wá, nítorí náà ẹ bèèrè oògùn ìgbẹ́ pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ará ilé náà

Tí ìyá bá ní jẹjẹrẹ ọyàn, kí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún dókítà tiwọn. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń gbé aláìsàn kiri náà, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tó bá bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà.