Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ṣètò ìrìn-àjò ìwọ̀ fláì sí omi oníyọ̀, láti Ìkòròdú dé Àgbádárìgì

Tí ọdún bá ti ń parí lọ, ọ̀pọ̀ ará wa tó wà ní ìlú òyìnbó máa ń fi ọ̀pá ìwọ̀ sínú ẹrù wálé. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń pa èpìyà létí odò. Ọ̀pá fláì ni. Irun àti ìyẹ́ tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ ni ìjẹ rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní fláì; kò wúwo rárá, okùn gan-an ló ń gbé e lọ. Wọ́n ní ohun èlò, ọwọ́ wọn sì mọ iṣẹ́. Ohun tí wọn kì í sábà mọ̀ ni omi tí wọ́n ń bọ̀ wá bá. Wọ́n á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ti ra ríìlì tí wọ́n ń wé okùn mọ́, kó tó di pé wọ́n bi ara wọn pé ibo gan-an làwọn fẹ́ jù ú sí. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣíwájú.

Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á dé Ọjà Olúwo, wọ́n á rí ẹja ńláńlá lórí àtẹ, wọ́n á ní ilé ẹja òkun rèé. Ẹja orí àtẹ kì í sọ omi tó ti wá. Ọ̀sà Lẹ́kìí tó wà níwájú Ẹ̀pẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀: èpìyà, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ló ni ín. Ẹja dáadáa ni wọ́n, a ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí wọn lẹ ṣe ra ríìlì tí iyọ̀ ò lè jẹ. Ẹ má sì tìtorí pé ẹ fẹ́ ju okùn jìnnà kí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán wọ irú omi bẹ́ẹ̀. Inú omi tí kò níyọ̀, tó dúró jẹ́ẹ́, tí ìgbín omi wà nínú rẹ̀, ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń gba awọ ara wọlé. Ẹ dúró sínú ọkọ̀ jù ú.

Àgbádárìgì ní tirẹ̀ náà. Èèyàn á dúró létí omi ìlú, á wo bó ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ, á rò pé òkun nìyẹn. Ọ̀sà ni. Odò Yewa ń tú omi sínú rẹ̀, ibi tó ti kan òkun sì jìnnà: ó di ìhà Èkó lọ́hùn-ún, tàbí ìhà Kútọnu. Òkun gan-an wà lẹ́yìn erékùṣù Gberefu. Ẹ ó wọ ọkọ̀ sọdá, ẹ ó sì tún fẹsẹ̀ rìn lórí yanrìn pẹ̀lú ẹrù yín kí ẹ tó dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ẹni tó bá di àpótí ńlá méjì wá torí pé wọ́n sọ fún un pé òkun ò jìnnà sí ìlú, orí yanrìn yẹn ni yóò ti mọ̀ pé kò yẹ kóun di méjì.

Ní ti Ìkòròdú, àsìkò ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀sà Èkó tó wà níwájú Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Báyékù kì í jẹ́ omi kan náà láti January dé December. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba ẹnu ọ̀nà Èkó, ibi tí ọ̀sà ti kan òkun, wọlé, ọ̀sà á níyọ̀, ẹja òkun á tẹ̀ lé e. Tí àsìkò òjò bá ti dé, odò Ògùn àtàwọn mìíràn á ti iyọ̀ náà padà, omi á pọ́n bí ẹrẹ̀, koríko orí omi tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò á sì bo ojú ibi tó pọ̀. Ìwọ̀ fláì ò lè wọ inú koríko yẹn. Síbẹ̀, oṣù July tí iléèwé òyìnbó bá gba ìsinmi ni àwọn mìíràn ń dé. Tó bá jẹ́ torí ẹja lẹ ṣe ń bọ̀, ẹ fi sí àárín January sí ìbẹ̀rẹ̀ April. Ìgbì etí òkun Gberefu náà máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn ju ti June sí September lọ.

Àwọn kan ti wo fídíò níbi tí omi ti mọ́ bíi gíláàsì, tí apẹja ń rí ẹja kó tó jù ú sí i. Wọ́n á wá retí irú ẹ̀ níhìn-ín. Omi tiwa dúdú, àwọn tó ń wa yanrìn lódò sì túbọ̀ ń rú u pọ̀. Ẹ ò ní rí ẹja, ibi tó ṣeé ṣe kó wà lẹ máa jù ú sí: ẹnu odò kékeré tó ń wọ ọ̀sà, etí ọ̀gbun, ibi tí ẹyẹ ti ń já lu ẹja wẹ́wẹ́. Fláì dúdú tàbí aláwọ̀ àlùkò, tó gùn tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, tó ń ru omi bó ṣe ń kọjá, ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn fláì kéékèèké aláwọ̀ yanrìn tí wọ́n fi ń pa bonefish, ẹja inú omi mímọ́ gaara, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sílé.

Tó bá jẹ́ omi mímọ́ gaara ni ọkàn yín fẹ́, ẹ wá a lọ síbi tó wà, kí ẹ sì wo àsìkò ibẹ̀. Seychelles ò dára láti May sí September nítorí afẹ́fẹ́ líle. Bahamas wà lábẹ́ àsìkò ìjì láti June títí November yóò fi parí. Èyí tó sún mọ́ wa, tí àwọn èèyàn wa kì í sì í ronú kàn, ni erékùṣù Bijagós ní Guinea-Bissau. Ó wà nínú ECOWAS, ọmọ Nàìjíríà sì lè lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Tarpon (ẹja òkun ńlá tó máa ń fò jáde nínú omi), kúta àti ẹja Caranx tí iwájú orí rẹ̀ ga wà níbẹ̀. Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná, Potogí ni èdè ìjọba wọn. Ẹ mú káàdì ibà pọ́njú dání, kí ẹ sì fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé Bissau àti ọjọ́ tí ọkọ̀ omi máa gbé yín lọ sí erékùṣù, torí ẹrù ọ̀pá gígùn wà lára ohun tó máa ń ṣẹ́ kù sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀pá tó pín sí mẹ́rin sàn jù. Ẹ fi ọ̀pá àti ríìlì sínú ẹrù ọwọ́ tí wọ́n bá gbà, kí ẹ kó ìwọ̀ sínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀.

Ká padà sílé. Àìwo bí òkun ṣe ń wọ àti bó ṣe ń fà ló ń sọ ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò di asán. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, àkókò rẹ̀ sì ń sún síwájú ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, ó máa ń lágbára jù. Ẹja ń jẹun nígbà tí omi bá ń rìn. Tí omi bá dúró, ẹnu wọn náà á dúró. Àwọn tó ń wo àkókò yìí lórí fóònù máa ń gbàgbé pé ẹnu ọ̀nà Èkó ni wọ́n fi kọ ọ́. Nínú ọ̀sà, ó máa ń pẹ́ kó tó dé, kì í sì í pọ̀ tó ti ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi ọlọ́kọ̀, ó mọ̀ ọ́n ju fóònù lọ.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ní òwúrọ̀, ó máa ń rọ̀. Tí oòrùn bá ti gun ọ̀run, atẹ́gùn òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ojú yín gan-an ló sì ń bọ̀ bí ẹ bá dúró létí òkun Gberefu. Nítorí náà, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí dé nǹkan bí aago 10 ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó kúrò ní Ìkòròdú láàárọ̀ yẹn, tó gba Mile 2 àti Òkokomáíkò, afẹ́fẹ́ ló máa bá níbẹ̀. Ẹ sun Àgbádárìgì mọ́jú. Ẹ má sì rò pé ẹ ó fi òru sọdá kẹ́ ẹ lè tètè dé. Àwọn aláṣẹ ojú omi ò fọwọ́ sí ìrìn òru, àwọ̀n àwọn apẹja sì wà káàkiri ojú omi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló yẹ ká fara balẹ̀ sọ. Àwọn èèyàn máa ń dúnàádúrà iye owó, wọ́n á gbàgbé ohun tí owó náà wà fún. Ẹ jẹ́ kó yé ẹ̀yin àti ọlọ́kọ̀ kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ wọlé: wákàtí mélòó, ta ló ń ra epo, ṣé yóò dúró dè yín ni àbí yóò lọ kó èrò kó tó padà wá, aago mélòó ló gbọ́dọ̀ dá yín padà. Ẹ san ìdajì, kí ìdajì tó kù dúró di ìgbà tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀ padà. Ọmọ Ògù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Àgbádárìgì. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ pe àgbà ní bàbá, ẹ má kàn na owó sí wọn bíi pé ẹ wà ní gáréèjì. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì wò ní èbúté, ẹ di gbogbo ìdè rẹ̀ pa. Èyí tí ìdè rẹ̀ ti já, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Inú ọkọ̀ gan-an wá ni okùn fláì ti ń rí ohun tó máa dì í mú. Mítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún okùn ló máa ń wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín kí ẹ tó jù ú. Orí ìṣó, etí pákó, ike epo, ìdákọ̀ró, àtàǹpàkò ẹsẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló ń dì í mú. Ẹ tẹ́ aṣọ fífẹ̀ tẹ́ ẹ ti rẹ sómi sí iwájú ọkọ̀, kó bo gbogbo ìṣó, kí ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ sì ní kí ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kó tó ku 50 mítà kẹ́ ẹ dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹnì kan péré ni kó máa jù ú lẹ́ẹ̀kan. Tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọwọ́ ọ̀tún fẹ́, tó sì jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń jù ú, etí yín ni ìwọ̀ ń bọ̀ wá. Ẹ yí ọkọ̀ padà, ẹ dé fìlà, ẹ wọ awò ojú, kí ẹ sì fi púláyà tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ pẹrẹsẹ kó tó di pé ó wọ ara ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ka igi tẹ́ ẹ bá rí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ́pọ̀ nínú ọ̀sà, àkájà ni. Ó ní ẹni tó ni ín, ẹni náà ló rì í, òun ló sì ní ẹja inú rẹ̀. Ẹ má ju ìwọ̀ síbẹ̀. Àlejò kì í pẹ́ dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní etí òkun, ìgbì á máa fa okùn tó wà nílẹ̀ lọ á sì máa fi wé yín lẹ́sẹ̀. Ẹ ra bàsíà oníke, ẹ lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sídìí rẹ̀ kí omi lè máa jáde, kí ẹ fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ìbàdí, inú rẹ̀ ni kí okùn máa bọ́ sí. Ẹ má wọ omi kọjá orúnkún. Omi tó ń padà sínú òkun níbẹ̀ lè fa èèyàn lọ. Ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ dípò kí ẹ gbé e sókè, kí ẹja olóró ìrù tó sùn sínú yanrìn lè gbọ́ kó sì kúrò. Bó bá ta yín, omi gbígbóná tí ara lè gbà ni kí ẹ rẹ ẹsẹ̀ sí, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Okùn tí wọ́n ṣe fún omi tútù ìlú òyìnbó máa ń rọ̀ nínú ooru wa, á máa lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, kò ní lọ jìnnà. Ohun tí wọ́n kọ ‘tropical’ sí lára ni kẹ́ ẹ rà. Ọ̀pá nọ́ńbà 9 tàbí 10 tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́; nọ́ńbà náà ń sọ bí okùn tí ọ̀pá lè jù ṣe wúwo tó. Tarpon ńlá ń fẹ́ 11 tàbí 12, pẹ̀lú 200 mítà okùn àfẹ̀yìntì (okùn tín-ín-rín tí wọ́n kọ́kọ́ ń wé kí okùn fláì tó tẹ̀ lé e) lórí ríìlì. Fún kúta, wáyà 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà gbọ́dọ̀ ṣíwájú fláì, torí eyín rẹ̀ ń gé okùn ọ̀rá bí abẹ. Gbogbo kókó tẹ́ ẹ bá ta, ẹ fi itọ́ rẹ ẹ́ kí ẹ tó fà á le. Èyí tí wọ́n fà ní gbígbẹ ló máa ń já.

Tí ẹja bá gbé e, àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lórí odò tútù máa ń gbé ọ̀pá sókè. Ìyẹn ń fa fláì kúrò lẹ́nu ẹja ni. Ẹ na ọ̀pá sí ẹja tààrà, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa okùn gbọnrangandan lẹ́ẹ̀mejì, nígbà náà kí ẹ tó gbé ọ̀pá. Tí tarpon bá sì fò jáde kúrò nínú omi, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ na ọ̀pá sí i kí okùn lè dẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má dúró di ìgbà tẹ́ ẹ bá délé. Ẹ fún ìdádúró ríìlì (ohun tó ń dá a dúró kó má yí lọ́fẹ̀ẹ́) le kí omi má wọ inú rẹ̀, ẹ bu píọ̀ wọ́tà méjì dà á lé ọ̀pá, ríìlì àti ìwọ̀, kí ẹ nù wọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ dẹ ìdádúró náà kó lè gbẹ. Fláì tẹ́ ẹ lò, ẹ má dá a padà sínú àpótí pẹ̀lú tuntun. Ọ̀kan tí iyọ̀ wà lára rẹ̀ ló máa ń dípẹtà sára gbogbo èyí tó kù.