Ewì ti wọ gúrúùpù, ta ló máa fèsì? Bí a ṣe ń ṣe é ní Òṣogbo

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ ewì sínú fóònù lóru tẹ́ ẹ ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i. Èmi náà wà ńbẹ̀ rí. Ṣọ́ọ̀bù POS ni mo ní ní apá Òkè-Fíà níbí, tí kọ́sítọ́mà ò bá sí nílẹ̀ màá mú fóònù màá kọ ìlà méjì, tẹ́nìkan bá wá dé pé òun fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún màá sáré tì í pa bí ẹni tó jalè. Bó ṣe wà nìyẹn títí àwa mélòó kan fi dá gúrúùpù WhatsApp kan sílẹ̀, a ti pé mẹ́rìnlá báyìí, aránṣọ wà ńbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà ńbẹ̀, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ yunifásítì mẹ́ta, àti ọlọ́kadà kan tó mọ ìjálá ju gbogbo wa lọ torí ọdẹ ni bàbá ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ewì jẹun nínú wa.

Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe irú ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà ni mo fẹ́ sọ. Kí n sì ti sọ ọ́ kó má bàa yà yín lẹ́nu: èsì fífún ló le, kì í ṣe ewì kíkọ. Ẹni tó máa kọ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ẹni tó máa jókòó kà á tá á sì sọ ohun tó gbọ́ gan-an, ìyẹn ló wọ́n.

Àkọ́kọ́, ẹ kó èèyàn díẹ̀ jọ

WhatsApp gba èèyàn 1,024 sínú gúrúùpù kan, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ wá kó gbogbo ìlú síbẹ̀. Mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, oníkálukú á máa rò ó pé ẹlòmíì á fèsì, ewì á sì wà ńbẹ̀ bí òkú tẹ́nikẹ́ni ò sin. Ẹ bi èèyàn kẹ́ ẹ tó fi wọ́n sí i, ẹ má kàn sáré fi nọ́ńbà gbogbo ẹbí yín síbẹ̀. Ẹ wá àgbà kan, ó kéré tán, tó gbọ́ Yorùbá délẹ̀, kẹ́ ẹ tún wá ọmọdé kan tí ẹnu ẹ̀ mú.

Òfin tiwa ò pọ̀. Kò sí àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ "ẹ kú àárọ̀" sí, kò sí àdúrà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí òṣèlú, kò sí ọjà títà (èmi gan-an ti polówó POS mi níbẹ̀ rí, wọ́n ní kí n san ìtanràn, mínírà páálí kan ló gbà lọ́wọ́ mi). Ewì méjì péré lọ́sẹ̀, ẹnì kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan lọ́jọ́ Jímọ̀, ká baà lè fún ìkọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Níbẹ̀rẹ̀ a ò ṣe bẹ́ẹ̀ o, ewì méje lè wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tó kọ tiẹ̀ ò tiẹ̀ ka tẹlòmíì, kálukú kàn ń da tiẹ̀ sílẹ̀ ó ń lọ ni.

Lẹ́yìn náà, gbígbé ewì síta

Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì kà á. Méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú fóònù lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, torí ewì Yorùbá, etí ló ń jẹ ẹ́, ohùn òkè ohùn ìsàlẹ̀ ni adùn ẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá kọ igba láìfi àmì sí i, ṣé igba tá à ń kà lówó ni, àbí igbá tá a fi ń bu omi, àbí ìgbà tó ń lọ, àbí ìgbá tá a fi ń se ọbẹ̀, àbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ?

Àǹtí nọ́ọ̀sì wa ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Wọ́n gbé ewì kan wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ ni "Oko mi daku si Olaiya, mo joko ti i, mo n sunkun." Háà! Kí n tó ka ìlà kejì àwọn èèyàn ti ń kọ "ẹ pẹ̀lẹ́ o mà", "Ọlọ́run á wò wọ́n sàn", ẹnì kan tiẹ̀ ti pe fóònù wọn pé hòsípítù wo ni wọ́n gbé wọn lọ. Àṣé ọkọ̀ ni, mọ́tò wọn ló kú sábẹ́ bíríìjì Ọláìyá. Ọkọ wọn wà nílé tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Látọjọ́ yẹn, ẹni tí ò bá fàmì sí ewì, wọ́n á bi í pé "ọkọ àbí ọkọ̀?"

Tó bá jẹ́ Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google tá a fi ń tẹ̀wé lórí fóònù, lẹ̀ ń lò, ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè tó wà ńbẹ̀, tẹ́ ẹ bá di lẹ́tà mú díẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ á jáde, àmì ohùn náà wà ńbẹ̀. Ó máa ń pẹ́ lóòótọ́. Tẹ́ ẹ ò bá lè fàmì sí gbogbo ẹ̀, ẹ fi síbi tó ti lè ṣi èèyàn lọ́nà, kí fọ́ìsì nóòtì wá ṣe ìyókù. Ẹ kà á níbi tí jẹnẹrétọ̀ ò ti pariwo, ẹ má fi ohùn oníròyìn kà á, ohùn tẹ́ ẹ fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá sí i. Àwa máa ń kọ ọ́ sókè ewì: "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni, ẹ rọra," tàbí "ẹ tú u palẹ̀," tàbí "ẹ kàn gbọ́ ọ." Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ẹnì kan kọ ewì nípa àbúrò ẹ̀ tó ṣaláìsí, ẹnì kan sì dáhùn pé "ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kọ́ nìyẹn." Èmi lẹni yẹn. Ojú ṣì ń tì mí.

Tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni WhatsApp fún yín láti tún un ṣe. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ má pa á rẹ́ o, torí èsì àwọn èèyàn ti wà nísàlẹ̀ ẹ̀, á wá dà bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. Ẹ gbé ẹ̀dà kejì wá lọ́tọ̀.

Ó wá kan èsì

Emójì iná mẹ́ta kì í ṣe èsì. "Ewì yìí dùn gan-an sà, orí yín pé" kì í ṣe èsì, ìkíni ni, ó dáa kéèyàn kí ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ìkíní fún etí, ìkejì fún ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn náà ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ lọ ṣe nǹkan míì, ẹ rẹ́lá, ẹ pọnmi, ìlà tẹ́ ẹ bá ṣì rántí nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé, òun lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Tẹ́ ẹ bá fa ewì yẹn láti dá a lóhùn, odindi ẹ̀ ni WhatsApp máa gbé wá, nítorí náà ẹ tún ìlà tẹ́ ẹ ń sọ kọ síbẹ̀ fúnra yín, kẹ́ni tó ni ín mọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Àpẹẹrẹ rèé, ẹni tó ni ín ti ní kí n lò ó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yunifásítì wa ló kọ ọ́:

Ìyá mi ń dín àkàrà ní kùtùkùtù,
Èéfín ń bójú jà, ojú ń domi,
Mo ṣebí èéfín ló ń pa wọ́n lẹ́kún,
Àṣé owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ni.
Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀wọ̀ fáwọn òbí wa.

Aránṣọ wa ló kọ́kọ́ fèsì, mo sì fẹ́ràn bó ṣe tò ó. Ó kọ́kọ́ sọ ohun tó gbọ́: "Mo gbóòórùn epo níbẹ̀. 'Ojú ń domi', ojú ta ni, tìẹ ni àbí ti màmá? Inú mi dùn pé mi ò mọ̀." Ó wá sọ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kọ: "Ìlà karùn-ún, mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́, ó dà bí ìgbà tí pásítọ̀ já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn." Bàbá tíṣà wá bi í ní ìbéèrè kan péré: "Nínú ilé yín, ta ló ń pè é ní ilé-ẹ̀kọ́?" Ó parí. Kò sẹ́ni tó bá a tún ewì kọ. Ìyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ẹ sọ ibi tó ti ń dùn yín, ẹ má gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni aṣọ.

Àgbà ńkọ́? Ọmọ ogún ọdún ò lè kọ ọ́ sí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún pé "ìlà kẹjọ yìí ò dáa." A ti ní ọ̀nà tiwa kó tó di pé fóònù dé. Ọmọdé tó bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o," àgbà á ní "wàá rí òmíràn pa." Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe é. Ọmọ á kọ "tótó o, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé afẹ́fẹ́ tó wà ní ìlà kẹta náà lẹ tún ní lọ́kàn ní ìlà kẹjọ?" Bàbá á ti mọ̀ pé wọ́n ti mú òun, wọ́n á kọ "wàá rí òmíràn pa, ọmọ mi," wọ́n á lọ tún un wò. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "o ṣì kéré" fèsì ewì ọmọdé. Ewì kì í béèrè ọjọ́ orí.

Tó bá jẹ́ àṣìṣe gidi ńkọ́, irú bíi kéèyàn ki oríkì òdì? Àwọn oníjàálá kì í gbà fúnra wọn. Tẹ́nìkan bá ṣì í lójú agbo, ẹlòmíì á dá a dúró pé irọ́ ni, ẹni tí wọ́n dá dúró náà á sì sun ìjálá dá a lóhùn, àwọn tó ń gbọ́ ló jèrè. Mo kọ ewì kan rí tí mo ti ní mo rí ẹyin awó lórí igi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé, fọ́ìsì nóòtì ọlọ́kadà ti dé:

Ọ̀rẹ́ mi, irọ́ ni o, irọ́ ni,
Ilẹ̀ lawó ń yé sí, kì í yé sórí igi,
Ẹni bá gungi torí ẹyin awó,
Ọwọ́ òfo ní ó gbé bọ̀ wálé.

Èmi náà ò dákẹ́:

Bí mo bá ṣì í, ẹ foríjì mí,
Oní-POS ni mí, n ò bọ́dẹ ṣeré,
Owó ni mo mọ̀ ọ́n kà,
N ò kẹyin rí.

A ń fi í rẹ́rìn-ín títí dòní. Tẹ́ ẹ bá lè fi ewì fèsì ewì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Òṣogbo yìí mọ̀ ọ́n ṣe látọjọ́ pípẹ́ o. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jẹ́mánì, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbí ní 1962, Mbari ni wọ́n fẹ́ pè é, ọ̀rọ̀ Igbo ni. Etí àwọn ará ìlú gbọ́ ọ tiwọn, wọ́n ní "mbá rí i, mbá yọ̀," orúkọ náà wá di Mbari Mbayo. Wọ́n fèsì sí orúkọ, èsì ọ̀hún di orúkọ.

Tí wọ́n bá fèsì sí tiyín

Ẹ kọ "mo gbọ́, ẹ ṣé" kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ má ṣàlàyé ewì. Ẹni tó bá kọ ìlà márùn-ún tó wá fi fọ́ìsì nóòtì ìṣẹ́jú méje ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn, ó yẹ kó ti fi ìṣẹ́jú méje yẹn sínú ewì. Inú á bí yín, ó bí gbogbo wa. Ẹ sùn lé e lórí. Kì í sì í ṣe gbogbo èsì lẹ máa gbà, tí ẹni mẹ́ta bá kọsẹ̀ síbì kan náà, òkúta wà ńbẹ̀, tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ bàtà ẹ̀ ni.

Ọmọ alákàrà wa dákẹ́ fọ́jọ́ méjì gbáko, a rò pé ó ti bínú. Ọjọ́ kẹta ló gbé ẹ̀dà kejì wá. Ó ti yọ ìlà karùn-ún, ìlà kẹrin sì ti di "Àṣé súkúùfíìsì mi ni." Ìyẹn nìkan. Bàbá tíṣà ò kọ nǹkan kan, wọ́n kàn ya àwòrán àwo àkàrà gidi kan, wọ́n fi ránṣẹ́.

Nípa olè

Ẹ kọ orúkọ yín àti ọdún sábẹ́ ewì yín kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí wọ́n máa fọ́wọ́ọ̀dù ẹ̀, wọ́n máa gbé e sí státọ́ọ̀sì, orúkọ yín á sì já bọ́ lójú ọ̀nà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, ti 2022, dáàbò bo ewì láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ tọrọ ààyè kẹ́ ẹ tó gbé tẹlòmíì jáde nínú gúrúùpù. Mo tọrọ kí n tó fi ti alákàrà síbí.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ náà pé ṣé màmá ẹ̀ ti gbọ́ ewì yẹn. Ó ní òun gbé e fún wọn gbọ́ nídìí agbada lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kó tún un gbé, wọ́n tún gbọ́ ọ, wọ́n wá ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo sunkún? Àlùbọ́sà ni jàre."