Ẹ̀dà dátábéèsì tó ṣeé dá padà

Ní sáìtì ẹgbẹ́ regbéregbé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù wọn àti iye tí kálukú ti san, inú dátábéèsì ni gbogbo rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń ta gàárì Ìjẹ̀bú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ojú sáìtì bá bàjẹ́, a lè tún un ṣe. Àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́ta, ta ni yóò rántí rẹ̀? MySQL àti MariaDB, ètò dátábéèsì tí WordPress (ètò tí a fi ń kọ́ sáìtì) ń lò, ni àlàyé yìí wà fún.

Orúkọ dátábéèsì WordPress wà nínú wp-config.php, níwájú DB_NAME. Ẹ má tẹ páswọ́ọ̀dù mọ́ àṣẹ, torí yóò kù sínú history, àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tí ẹ ti tẹ̀. Ẹ ṣe fáìlì ~/.my.cnf, ẹ kọ [client] sí ìlà àkọ́kọ́, kí user= àti password= wà lábẹ́ rẹ̀. Bí # bá wà nínú páswọ́ọ̀dù, ẹ fi " " yí i ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ ni yóò ti gé e. Ẹ wá ti ìlẹ̀kùn rẹ̀: chmod 600 ~/.my.cnf

Ẹ ṣe fódà ipamo, kó má sí nínú public_html, fódà tí gbogbo ayé ń rí lórí sáìtì, torí ẹni tó bá mọ orúkọ fáìlì lè wà á jáde láti ibẹ̀. Kí ẹ kọ èyí sínú ipamo.sh, kí orúkọ dátábéèsì yín rọ́pò egbe_db; mysqldump ló ń ṣe ẹ̀dà, gzip ló ń fún un pọ̀:

#!/bin/bash
set -o pipefail
umask 077
mysqldump --single-transaction --no-tablespaces --default-character-set=utf8mb4 egbe_db | gzip > ~/ipamo/egbe-$(date +%F).sql.gz

Nítorí --single-transaction, ẹ̀dà náà yóò dúró lórí àkókò kan ṣoṣo, kódà bí ẹnì kan bá ń sanwó lọ́wọ́. Tábìlì oríṣi InnoDB nìkan ló ń ràn lọ́wọ́. Bí tiyín bá jẹ́ oríṣi MyISAM, ẹ yọ --single-transaction, mysqldump yóò ti àwọn tábìlì náà títí tó fi parí. Ìyẹn --no-tablespaces ń gbani lọ́wọ́ àṣìṣe PROCESS privilege (pé ẹ kò ní àyè náà) tó máa ń yọ lórí sáfà àjọlò, kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ sáìtì jọ ń lò.

Ẹ má fojú kékeré wo utf8mb4, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó ń gba àmì ohùn. Bí wọ́n bá fi latin1, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà mìíràn, ka ẹ̀dà wa, “Adéṣeun” yóò di “AdÃ©á¹£eun”, orúkọ baba ènìyàn á sì bàjẹ́ báyẹn.

Láìsí pipefail, mysqldump lè kùnà kí gzip sì sọ pé ó parí. Fáìlì báìtì 20 lẹ máa rí: òfìfo ni. Ẹ wọ inú fódà ipamo, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

zcat egbe-2025-06-02.sql.gz | tail -n 1

“-- Dump completed on” ló yẹ kó hàn. Bí kò bá sí, ó gé láàárín ọ̀nà.

Ní cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a bá dá, ẹ kọ 15 2 * * * bash ~/ipamo.sh. Aago UTC ni ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, nítorí náà 3:15 òru ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ tọ́jú ti ọjọ́ 7 àti ti ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ tún ṣe òmíràn kí Ojúde Ọba tó dé, nígbà tí owó ẹgbẹ́ ń wọlé lemọ́lemọ́. Kí ọ̀kan jìnnà sí sáfà: bí láptọ́ọ̀pù àti hádídíìskì bá jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, olè kan náà ni yóò kó wọn. Ẹ fi gpg -c tì í pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí Ṣágámù tàbí Google Drive. Fódà àwòrán sáìtì, wp-content/uploads, kò sí nínú ẹ̀dà yìí; ọ̀tọ̀ ni ẹ ó kó o.

Lóṣooṣù, ẹ ṣe dátábéèsì òfìfo kan, egbe_danwo. Ẹ má dán an wò lórí èyí tó ń ṣiṣẹ́ láé, torí ẹ̀dà náà máa ń pa tábìlì àtijọ́ rẹ́ kó tó kọ tuntun.

zcat egbe-2025-06-02.sql.gz | mysql --default-character-set=utf8mb4 egbe_danwo

Ẹ ka iye ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú SELECT COUNT(*), ẹ wo orúkọ mẹ́ta tó ní àmì ohùn, kí ẹ sì fi wé ti sáìtì. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ pa egbe_danwo rẹ́, nítorí nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀.